MinION: ẹ̀rọ kò wọ́n, oúnjẹ rẹ̀ ló wọ́n

Ẹ̀rọ tó ń ka jínóòmù, ìyẹn gbogbo DNA ohun abẹ̀mí kan, tó sì wọ àpò ẹ̀wù: bí wọ́n ṣe ń polówó MinION nìyẹn, wọn kò sì purọ́. Mk1B, irú èyí tó ti pẹ́ nínú láàbù káàkiri, wọn 87 g péré. Okùn USB kan ló fi ń gba iná, òun náà ló fi ń kó èsì lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ Oxford Nanopore ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé àwọn olùwádìí lọ́wọ́ láti dán an wò, ọdún tó tẹ̀ lé e ló bọ́ sọ́jà. Mk1D tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń lo ihò USB-C.

Ẹni tó bá wá fi kíkéré ẹ̀rọ díwọ̀n ìnáwó rẹ̀ ti ṣi ìṣirò. Bí ẹran ọ̀sìn ló rí: owó tí ẹ fi rà á kì í ṣe nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí yóò máa jẹ. Ohun tó ń jẹ náà kì í sì í ṣe owó nìkan. Ó ń jẹ fíríìjì, ó ń jẹ iná, ó ń jẹ DNA tó mọ́ tóní, ó tún fẹ́ ọwọ́ tí kì í gbọ̀n.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé. Inú pẹlẹbẹ ike kan tí wọ́n ń pè ní flow cell ni awọ tínrín kan wà tí wọ́n to ihò sí. Purotéènì ni wọ́n fi ṣe ihò yìí, ó sì kéré débi pé okùn DNA kan ṣoṣo ló lè gba inú rẹ̀ kọjá. Omi oníyọ̀ wà lókè awọ, ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, iná díẹ̀ sì ń ṣàn gba inú ihò. Bí DNA bá ti ń kọjá, àwọn lẹ́tà rẹ̀ (èròjà mẹ́rin tó so kọ́ra di okùn náà) tó bá dí ihò lákòókò yẹn ló ń pinnu bí iná ṣe máa lọ sílẹ̀ tó. Kọ̀ǹpútà á wo bí iná náà ṣe ń lọ sókè sódò, á sì tú u padà sí A, C, G àti T. Ẹ́ńsáìmù kan jókòó sẹ́nu ihò bí oníbodè, òun ló ń jẹ́ kí okùn náà máa wọlé níwọ̀nba, nǹkan bí lẹ́tà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí kámẹ́rà, kò sí léésà. Ìdí tó fi kéré nìyẹn.

Àǹfààní tó tóbi jù lára rẹ̀ ni gígùn. Àwọn ẹ̀rọ Illumina tó pọ̀ jù ní láàbù ń ka lẹ́tà 150 sí 300 lẹ́ẹ̀kan. MinION kì í gé nǹkan kan fúnra rẹ̀: bí DNA tí ẹ fún un bá ṣe gùn tó ló máa kà á tó. Ẹgbẹ̀rún 10 lẹ́tà lórí okùn kan kì í ṣe ìròyìn mọ́, èyí tó ju mílíọ̀nù 4 lọ sì ti wà. Ẹ fojú inú wo ẹni tó gé oríkì gígùn kan sí ègé ọlọ́rọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, tó wá ní kí ẹ tò ó padà. Níbi tí ègbè kan náà bá ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣáájú. Bí jínóòmù ẹ̀gẹ́, iṣu àti ènìyàn ṣe rí nìyẹn, ègbè pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi di ọdún 2022 kí wọ́n tó ka jínóòmù ènìyàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí àlàfo. Nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni kò ṣeé tò tẹ́lẹ̀, okùn gígùn-gígùn láti inú ẹ̀rọ irú èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Ẹ̀rọ yìí ti jáde kúrò nínú láàbù gidi. Lọ́dún 2015, nígbà Ebola ní Guinea, àwọn olùwádìí di gbogbo láàbù wọn sínú àpótí ìrìn-àjò tí kò wọn tó 50 kg, wọ́n sì ka fáírọ́ọ̀sì láti ara àpẹẹrẹ 142 níbẹ̀. Lọ́dún 2016 ó dé International Space Station, ibùdó tó ń yí ayé po lójú òfuurufú. Èyí tó kàn wá jù ni ti Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, lọ́dún 2018, nígbà tí ibà Lassa ń pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, tí ẹ̀rù sì ń bà àwọn ènìyàn pé bóyá ó ti ń ran láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Wọ́n fi MinION ka fáírọ́ọ̀sì náà nílé ìwòsàn níbẹ̀. Àwọn fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún yàtọ̀ síra, wọ́n sì jọ àwọn ti ọdún tó ti kọjá. Ìyẹn ni pé láti ara eku ló ti ń bọ́ sára ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èsì tó wá nígbà tí àjàkálẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni, iṣẹ́ tí MinION mọ̀ jù nìyẹn.

Flow cell, ibi tí owó ń gbà lọ

Flow cell kan ní ihò 2,048, àmọ́ ọ̀nà iná 512 ló ń lò wọ́n. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́rin, á máa yan èyí tó dára jù nínú wọn, bí ọ̀kan bá kú, á mú òmíràn. Tí ẹ bá ra ẹyọ kan ṣoṣo, iye rẹ̀ máa ń sún mọ́ $900. Ẹni tó bá ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan á rí ẹ̀dínwó tó nítumọ̀, torí náà ó sàn kí láàbù méjì tàbí mẹ́ta para pọ̀ rà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Lẹ́tà 400 lọ́nà 512, fún wákàtí 72: bílíọ̀nù 53 lẹ́tà. Iye tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìpolówó kò jìnnà sí èyí. Ẹ má fi ṣètò iṣẹ́. Ihò ń kú bí wákàtí ṣe ń lọ, òmíràn á dí, òmíràn á ṣófo. Bílíọ̀nù 10 sí 20 ni èsì tó dáa láti inú DNA tó mọ́. DNA ewéko tí wọn kò fọ̀ dáadáa lè fún yín ní bílíọ̀nù 2 tàbí 3, kí gbogbo ihò sì ti dákẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Èyí ló yẹ kí ẹ fi mọ bóyá ẹ̀rọ yìí bá iṣẹ́ yín mu. Jínóòmù bakitéríà kan wà ní àyíká mílíọ̀nù 5 lẹ́tà. Ẹ kà á lákàtúnkà ìgbà 50 kí ó lè dáni lójú, mílíọ̀nù 250 nìyẹn. Bakitéríà 24 lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ bílíọ̀nù 6: flow cell kan gbà á, owó flow cell lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó $40. Fáírọ́ọ̀sì tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. SARS-CoV-2 kò tó 30,000 lẹ́tà, Lassa kò tó 11,000. Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ó sún mọ́ mílíọ̀nù 750. Ní àkàtúnkà ìgbà 30, bílíọ̀nù 22 àti ààbọ̀, flow cell méjì nìyẹn, nígbà míì mẹ́ta. Iṣu funfun tí IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, àti àwọn ará Japan jọ gbé jínóòmù rẹ̀ jáde lọ́dún 2017 kò jìnnà sí mílíọ̀nù 600. Ènìyàn jẹ́ bílíọ̀nù 3.1, àkàtúnkà ìgbà 30 rẹ̀ ju bílíọ̀nù 90 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ka ènìyàn kí ó lọ wá ẹni tó ní PromethION, ẹ̀gbọ́n MinION láti ilé iṣẹ́ kan náà. Ti àlìkámà, tó ju bílíọ̀nù 15 lọ, ẹ má wulẹ̀ dá a lábàá.

Kí flow cell tó dé ọwọ́ yín ni wàhálà àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. 2 sí 8°C ló ń gbé, inú fíríìjì lásán. Bó bá wọ fírísà, ó ti kú nìyẹn, torí awọ inú rẹ̀ á fà ya. Àwọn èròjà kíìtì tí ẹ fi ń pèsè DNA sílẹ̀ sì rèé, -20°C ni tiwọn. Páálí méjì tó ń fẹ́ òtútù méjì lè jọ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, kí ẹni tó ń bá yín gbà á jáde sì rò pé òun ṣe yín lóore nípa kíkó gbogbo rẹ̀ sínú fírísà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ sì kọ ọ́ gàgàrà sára páálí. Bó bá ti dé, ẹ fi sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ tẹ «Flow Cell Check» lórí MinKNOW, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀. Ihò 800 ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà. Bó bá dín, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, bí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí ẹ sì fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 2 tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ sí fíríìjì láìyẹ̀ ẹ́ wò, tó wá rí ihò 300 lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ara rẹ̀ ló máa bá wí.

Flongle, flow cell kékeré, wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ọ̀nà iná 126, nǹkan bí $90. Owó rẹ̀ wuni. Ihò 50 péré ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 sì ni ìdánilójú náà ní. Bí ẹrù bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, ẹ bá mi ṣírò èyí tó kù. Fún ẹni tó wà ní London ó dára. Fún ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, flow cell ńlá ló ń dá owó padà.

Ẹ tún wo nọ́ńbà. Kíìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 114 ló ń bá flow cell FLO-MIN114 lọ. FLO-MIN106 ti àtijọ́ kì í bá a ṣe, kódà bí ẹnìkan bá fẹ́ tà á fún yín ní ìdajì owó. Flow cell tí wọ́n fi ń ka RNA, ìbátan DNA, ní tààràtà tún jẹ́ ọ̀tọ̀.

DNA tó ń fà bí ewédú

Ibi tí ìdajì iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé, kò sì sí ẹ̀bi ẹ̀rọ níbẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ àti ewé iṣu kún fún ṣúgà oníokùn gígùn àti àwọn èròjà tó ń sọ omi ewé di pupa. Méjèèjì ń tẹ̀ lé DNA wá, wọ́n sì ń dí ihò. Ewé ọ̀dọ́ ni kí ẹ já, kí ẹ fi igi náà sínú òkùnkùn fún ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú kí sítáàṣì rẹ̀ lè dínkù. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú náítírójìn olómi títí á fi dà bí èlùbọ́, kí ẹ dà á sínú CTAB (ọṣẹ tó ń tú DNA jáde nínú ewé) gbígbóná ní 65°C pẹ̀lú PVP 2% tó ń gbá àwọn èròjà pupa náà mú, kí ẹ fi klorofọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi RNase, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ RNA, pa RNA inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ̀n ọ́ lọ́nà méjì. Ẹ̀rọ Qubit ló ń sọ iye DNA. Ẹ̀rọ Nanodrop kì í ṣe fún iye, ìmọ́tótó ló wà fún, ó ń fi bí omi náà ṣe ń gba oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjì mọ́ra wé ara wọn: 260/280 kí ó wà ní 1.8, 260/230 láàárín 2.0 sí 2.2. Bí Nanodrop bá ní 100 tí Qubit ní 30, Qubit ni kí ẹ gbà gbọ́, ìyókù ìdọ̀tí ni àti RNA. Ọ̀rọ̀ fífà ń rú àwọn ènìyàn lójú, torí DNA tó gùn dáadáa ń fà bí ewédú nínú pípẹ́ẹ̀tì, DNA tó kún fún ṣúgà ewé náà ń fà bí ewédú. Nọ́ńbà 260/230 ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó bá wà lábẹ́ 1.5, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́, ẹ má ṣe fi flow cell $900 ṣe ìdánwò ìmọ́tótó. Ẹnu pípẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má gbé DNA lé ẹ̀rọ amìǹkan, ẹ má sì jẹ́ kó máa dì kó máa yọ́ lóòrèkóòrè. Gbogbo ìyẹn ló ń gé e wẹ́wẹ́, ègé kékeré sì ló ń sáré dé ihò jù.

Kíìtì méjì ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Rapid Barcoding ni kí olùbẹ̀rẹ̀ mú. 10 µl DNA tó ní 200 ng nínú, 1.5 µl báàkóòdù (àmì DNA tó ń ya àpẹẹrẹ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn), ìṣẹ́jú 2 ní 30°C, ìṣẹ́jú 2 ní 80°C. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ mágnẹ́ẹ̀tì fọ̀ ọ́, ẹ mú 11 µl, ẹ fi 1 µl ẹnu ìsopọ̀ tí ẹ ti pò sí i, ìṣẹ́jú 5 lórí tábìlì, ó parí. Wákàtí kan tó fún gbogbo rẹ̀. Ó máa ń gé DNA ní tirẹ̀, gígùn á dínkù. Ẹni tó ń wá gígùn àti èsì púpọ̀ kí ó lo kíìtì kejì, Ligation: 1 µg DNA ló ń gbà, wákàtí méjì ó lé, àti ẹ́ńsáìmù tí kò sí nínú páálí. Ẹ gbọ́ o: ẹ́ńsáìmù àtúnṣe àti ti ìsopọ̀ láti New England Biolabs ni ẹ máa rà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣètò owó ló gbàgbé ìlà yẹn, kíìtì á wá jókòó sínú fírísà fún oṣù mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń wá ẹ́ńsáìmù kiri.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń pinnu gbogbo rẹ̀

Dídà á sínú flow cell ni ibi tí ọwọ́ ti ń gbọ̀n. Ẹ ṣí ìdérí ẹnu ìwọlé, ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì P1000 sí 200 µl, ẹ tì í sẹ́nu ihò náà, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí nọ́ńbà pípẹ́ẹ̀tì lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé 220 tàbí 230. Ẹ máa rí omi aláwọ̀ ìyeyè tó yọ díẹ̀ sẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì. Ó tó, ẹ má fà jù bẹ́ẹ̀. Ìhó tó wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ fẹ́ yọ, torí bí ìhó kan bá kọjá lórí awọ, gbogbo ihò tó bá fara kàn kò ní jí mọ́. Lẹ́yìn náà ni 800 µl omi ìpèsè, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì kí afẹ́fẹ́ má bàa tẹ̀ lé e. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá ṣí ìdérí SpotON, ẹnu kejì tí ẹ máa kán DNA sí, kí ẹ tún da 200 µl sí ẹnu ìwọlé àkọ́kọ́. Ẹnu ìwọlé àkọ́kọ́ ni mo wí, SpotON kọ́.

Àdàlù ìgbẹ̀yìn jẹ́ 75 µl: 37.5 ti omi oníyọ̀, 25.5 ti ìlẹ̀kẹ̀, 12 ti DNA yín. Ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, torí náà ẹ rú u ní kété tí ẹ bá fẹ́ dà á. Ẹ kán an sórí SpotON ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán kan wọlé tán kí òmíràn tó bọ́. Ẹ má fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kàn án.

Ojú ìwòye MinKNOW á sọ bó ṣe lọ fún yín láàárín ìṣẹ́jú 15. Àwọ̀ ewé tó fẹjú ni ihò tó ń ka DNA. Èyí tó ṣú díẹ̀ ni ihò tó wà láàyè àmọ́ tí kò rí nǹkan jẹ. Bí ihò tó ṣófo bá pọ̀ jù, DNA yín kéré tàbí kò sopọ̀ dáadáa. Bí ihò bá ń dí lọ́kan-kọ̀ọ̀kan, ìdọ̀tí ni. Ẹ dá a dúró, ẹ fi kíìtì ìfọ̀ fọ flow cell náà: 400 µl tó ní DNase (ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ DNA) nínú, wákàtí kan, kí ẹ tún da DNA tuntun sí i. Ó máa ń jí apá kan nínú ihò padà. Díẹ̀ lára DNA àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀, báàkóòdù mìíràn ni kí ẹ lò ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ má rò pé láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fi ń tẹ lẹ́tà tó. Ibi ìpamọ́ SSD 1 TB, RAM 16 GB ó kéré tán, àti káàdì NVIDIA tó ń mú ìṣirò yá. Dorado, ètò tó ń tú iná sí lẹ́tà, ní ìpele mẹ́ta: fast, hac àti sup. Sup ló péye jù, láìsí káàdì NVIDIA ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lè tọ́jú fáìlì POD5, ibi tí ẹ̀rọ kọ iná náà sí, kí ẹ gbé e lọ túmọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní káàdì. Ẹ pa ìmúdójúìwọ̀n Windows, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn. Wákàtí 72 gùn, ìwọ̀nba oorun díẹ̀ tó dá iṣẹ́ dúró lóru ọjọ́ àkọ́kọ́ tó láti ba owó jẹ́. Ínfátà tó lè gbé láptọ́ọ̀pù títí jẹnẹrétọ̀ á fi dé ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. 34°C ni flow cell fi ń ṣiṣẹ́. Yàrá tó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta kò ní jẹ́ kó rí ìsinmi.

Pípéye rẹ̀ ti dára sí i gan-an. Flow cell R10.4.1 (FLO-MIN114 náà ni) pẹ̀lú sup ń kọjá 99% lórí okùn kan, àkàtúnkà ló ń tún ìyókù ṣe. Ibi tí ó ṣì ti ń kọsẹ̀ ni lẹ́tà kan náà tó tò tẹ̀ léra, bíi A mẹ́wàá: iná kò yí padà, kò sì mọ̀ bóyá mẹ́sàn-án ni tàbí mọ́kànlá. Ẹni tó ń wá àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lára ènìyàn láti fi ṣe ìtọ́jú, tàbí tí DNA rẹ̀ ti já wẹ́wẹ́, kí ó lọ sọ́dọ̀ Illumina. Ẹni tó ń ka gíìnì kan fún àpẹẹrẹ mẹ́ta, Sanger, ọ̀nà kíkà DNA ti àtijọ́, tó o, kí ó má na owó lásán.

Láàbù tó ń tọpa fáírọ́ọ̀sì tàbí bakitéríà ni MinION yẹ jù, ẹ̀yìn wọn ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀gbìn, bí wọ́n bá mọ DNA fọ̀. Kí ẹ tó fi àpẹẹrẹ gidi sí i, ẹ ra Qubit, ẹ ra ibi ìdúró mágnẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi DNA lambda, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jà bakitéríà, ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ lórí flow cell tí ihò rẹ̀ ti kéré. Lẹ́tà 48,502 ni lambda ní, kò sí ṣúgà ewé nínú rẹ̀, kò sì sí àríyànjiyàn lórí bó ṣe yẹ kó rí. Bí lambda bá jáde dáadáa tí ẹ̀gẹ́ yín kò jáde, ẹ padà sídìí CTAB.